Títún Lọ́ọ̀kì Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀ Ṣe Nílé, àti Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Rẹ̀

Bí ẹ bá ń rìn ní ìgboro Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Benin, kì í pẹ́ tí ẹ ó fi rí ọkọ̀ tí wọ́n fi okùn tàbí wáyà de bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mọ́ iwájú. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà lè ti máa wà á bẹ́ẹ̀ láti oṣù mélòó kan, nítorí ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé lọ́ọ̀kì ti bàjẹ́ àti pé owó púpọ̀ ni yóò gbà kí ó tó dára. Nínú púpọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, lọ́ọ̀kì náà kò bàjẹ́ rárá. Eruku ló dí i, tàbí gíríìsì inú rẹ̀ ló gbẹ, tàbí ó yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan ń ṣiṣẹ́ lórí rédíétọ̀. Ẹni tó ní sípánà kan, súkúrùdíráfà kan, búrọ́ọ̀ṣì àti gíríìsì lè tún un ṣe nínú àgbàlá rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí a mọ ibi tí àléébù náà wà kí a tó na owó, nítorí ẹni tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ kò ní sọ fún yín pé ẹ kò nílò ohun tí ẹ wá rà lọ́wọ́ òun.

Bí lọ́ọ̀kì náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ní etí rẹ̀ iwájú, ẹ ó rí irin kan tí wọ́n tẹ̀ di ìlàjì òrùka. Nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kan, ọ̀pá irin kúkurú tó ní sípíríìngì lára ni. N ó máa pè é ní irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí ẹ bá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, irin yìí máa ń bọ́ sí ẹnu lọ́ọ̀kì, èyí tí wọ́n fi bóòtù méjì tàbí mẹ́ta kàn mọ́ irin ìdábùú tó wà lókè rédíétọ̀. Ìkọ́ kan tó ń yí wà ní ẹnu lọ́ọ̀kì náà: bí irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì bá ti tẹ̀ ẹ́, yóò yí, yóò gbá irin náà mú, eyín kékeré kan yóò sì bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí ó lè yí padà. Eyín yìí ni kébù ń fà nígbà tí ẹ bá fa ọwọ́ tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Sípíríìngì ló ń dá eyín padà sí àyè rẹ̀, sípíríìngì ló sì ń ti ìkọ́ sókè kí ó lè dúró de irin nígbà mìíràn.

Ìkọ́ kejì tún wà, tí a lè pè ní ìkọ́ ààbò. Òun ni ẹ máa ń fi ìka tì sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sókè kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó lè gbéra pátápátá. Iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé, bí ìkọ́ àkọ́kọ́ bá jánu lójú ọ̀nà, kí ó di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lu gíláàsì iwájú. Òfin ààbò ọkọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 113 sọ ọ́ di dandan pé kí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí láti iwájú, tó sì lè dí awakọ̀ lójú, ní irú ìdè kejì bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń sọ pé “ìkọ́ kejì ṣì ń di í mú, kò séwu,” ń fi ohun tí wọ́n pèsè sílẹ̀ de ọjọ́ burúkú ṣe ohun èlò ojoojúmọ́.

Ohun tó ń ba lọ́ọ̀kì jẹ́ ní agbègbè wa kò pọ̀. Ní ọ̀nà Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, eruku ni àkọ́kọ́: ilẹ̀ pupa tí táyà ń tú sókè níbi tí kò sí ọ̀dà máa ń lẹ̀ mọ́ gíríìsì, nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, yóò gan bí amọ̀ tí oòrùn pa. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí ọ̀rinrin ọ̀sà kì í jẹ́ kí irin gbẹ, ìdógùn-ún ló ń ṣáájú. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń rà ló ti lo ọdún púpọ̀ ní Yúróòpù kí ó tó gba èbúté Kútọnu wọlé. Lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń da iyọ̀ sí ojú pópó nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, omi iyọ̀ yìí a sì máa ta sí iwájú ọkọ̀, a máa jẹ irin rẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ omi lu ẹ́ńjìnì láti fọ̀ ọ́ náà ń dá kún un, nítorí omi wọn ń ṣan gíríìsì kúrò ní ẹnu lọ́ọ̀kì, n kò sì tíì rí èyí tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn tó fọ ọkọ̀ tán.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú, ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tutù. Kì í ṣe nítorí pé irin gbígbóná lè jó yín nìkan: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fáànù rédíétọ̀ lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́yìn tí a ti pa ẹ́ńjìnì, bí omi rẹ̀ bá ṣì gbóná, ọwọ́ yín yóò sì wà nítòsí rẹ̀. Bí ọ̀pá tó ń gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì dúró bá ti tẹ̀, ẹ wá igi líle kan kún un. Nínú àwọn ọkọ̀ tó ní àlámù, ẹ ó rí wáyà iná tó wọ inú lọ́ọ̀kì. Bí tiyín bá ní in, ẹ tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò sílẹ̀ kí ẹ tó tú lọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ mọ nọ́ńbà àṣírí rédíò yín, nítorí àwọn rédíò kan kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láìsí i.

Ó lè jẹ́ ojú ọ̀nà ni bọ́nẹ́ẹ̀tì ti kọ̀ láti dè, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ délé. Ẹ ki okùn líle bọ inú irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì so ó mọ́ irin ìdábùú. Ẹ má so ó mọ́ ike tó ṣe iwájú ọkọ̀ lẹ́ṣọ̀ọ́, nítorí ike náà yóò já ṣáájú okùn. Ẹ máa rìn jẹ́jẹ́, kí ẹ sì yẹra fún ọ̀nà ńlá tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń sáré gbà, nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ síni nígbà tí wọ́n bá ń kọjá lè gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kò dè. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ó fò ṣí mọ́ yín lójú, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì kíkankíkan, ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn yín kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò láti inú àlàfo tó máa ń wà láàárín ìsàlẹ̀ bọ́nẹ́ẹ̀tì àti dáṣíbọ́ọ̀dù, tàbí kí ẹ yọjú láti fèrèsé ẹ̀gbẹ́, ẹ tan iná ìkìlọ̀, kí ẹ dín eré kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì yà sí etí ọ̀nà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kò dè

Ẹ wo ẹnu lọ́ọ̀kì kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn. Ìkọ́ gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Bí ó bá ti yí padé nígbà tí irin kò sí nínú rẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ní wọlé, bó ti wù kí ẹ gbá a mọ́lẹ̀ tó, ẹ ó kàn tẹ ara bọ́nẹ́ẹ̀tì ni. Ọmọdé tó ń ṣeré lè ti fi igi tẹ̀ ẹ́. Ẹ ní kí ẹnìkan fa ọwọ́ tó wà nínú ọkọ̀, ìkọ́ yóò sì ṣí. Irú èyí kò ná ni ní nǹkan kan, ó sì wọ́pọ̀ ju bí ènìyàn ṣe rò lọ.

Bí ìkọ́ bá wà ní ṣíṣí, ẹ mú súkúrùdíráfà gígùn kan, kí ẹ fi ọ̀pá rẹ̀ dípò irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì: ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹnu lọ́ọ̀kì láti òkè. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìró “ká”, kí ìkọ́ sì di súkúrùdíráfà náà mú gbọn-in bí ẹ tilẹ̀ fà á sókè. Ẹ fi bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ṣíṣí ní gbogbo àsìkò yìí. Lórí ìdánwò yìí ni gbogbo iṣẹ́ tó kù dá lé, bí ènìyàn bá sì fò ó, yóò máa tú ohun tí kò ní àléébù.

Bí ìkọ́ bá di súkúrùdíráfà mú dáadáa, tí ó sì ṣí nígbà tí ẹ fa ọwọ́ inú ọkọ̀, lọ́ọ̀kì yín yè. A jẹ́ pé irin abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kò dé ẹnu rẹ̀ bó ti yẹ. Ẹ wò ó bóyá irin náà ti tẹ̀. Ẹ wo etí ẹnu lọ́ọ̀kì bóyá àpá ibi tí irin ti ń ha á wà lápá kan ju èkejì lọ, èyí tó ń fi hàn pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ti yẹ̀. Ẹ tún wo àwọn rọ́bà kéékèèké méjì tó wà ní igun iwájú, tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ń gbé orí lé nígbà tó bá wà ní pípadé. Rọ́bà wọ̀nyí ń yí sókè sódò bí ìdérí ìgò. Bí ẹnìkan bá ti yí wọn ga jù, bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò kọ́kọ́ kàn wọ́n kí irin tó dé inú ìkọ́.

Ṣùgbọ́n bí ìkọ́ kò bá di súkúrùdíráfà mú, ẹ yọ orí kébù kúrò lára lọ́ọ̀kì, kí ẹ sì tún ìdánwò náà ṣe. Ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ ló ń pín ọ̀nà. Bí lọ́ọ̀kì bá ti wá ń dè nígbà tí kébù kò sí lára rẹ̀, a jẹ́ pé kébù ló há sínú àpò rẹ̀, tàbí pé ọwọ́ inú ọkọ̀ ni kì í padà sí àyè rẹ̀, tí ó fi ń fa eyín láìdẹwọ́. Ẹ má ra lọ́ọ̀kì tuntun nítorí rẹ̀. Bí kò bá sì dè síbẹ̀, inú lọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ ni ọ̀ràn wà: ìdọ̀tí, sípíríìngì tó já tàbí tó yọ, tàbí eyín tó ti jẹ débi pé kò lè dá ìkọ́ dúró mọ́.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kò ṣí

Èyí ń dá ìpayà sílẹ̀ ju èkíní lọ, ṣùgbọ́n sùúrù ló ń fẹ́. Ẹ pe ẹnìkan. Kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ níwájú gan-an, lókè ibi tí lọ́ọ̀kì wà, nígbà tí ẹ̀yin ń fa ọwọ́ inú ọkọ̀ láìdẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kí ó wá tú ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń fà. Títẹ̀ yìí ń gba ìwúwo kúrò lórí eyín, lọ́ọ̀kì tí ó ti gan sì máa ń ṣí bẹ́ẹ̀ nígbà púpọ̀.

Bí ọwọ́ inú ọkọ̀ bá ti kán, tàbí tí ó ń bọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láìfa nǹkan kan, ẹ tú u kúrò, ẹ wá wáyà inú kébù, kí ẹ fi pìláyà tó lágbára dì í mú, kí ẹ sì fà á tààrà. Bí wáyà bá ti já lápá lọ́ọ̀kì, fífà láti inú ọkọ̀ kò wúlò mọ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àlàfo tó wà níwájú ọkọ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, súkúrùdíráfà gígùn lè gba ibẹ̀ dé eyín lọ́ọ̀kì láti tì í. Nínú àwọn mìíràn, àfi kí a gba abẹ́ ọkọ̀, lẹ́yìn tí a bá ti tú ike tó bo abẹ́ ẹ́ńjìnì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e. Ẹ fi irin ìdúró tàbí gẹdú igi tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi òkúta di táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn. Bíríkì ò ṣe é lò, ó máa ń fọ́ lójijì.

Fífọ̀ àti títò

Kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì líle ló dára fún fífọ lọ́ọ̀kì. Àwọn kan ń lo epo bẹntiróòlù nítorí pé ó wà nínú ìgò ní gbogbo etí títì, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ ń gbiná kíákíá, bátìrì sì wà nítòsí, nítorí náà n kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Ẹ fi aṣọ sí abẹ́ lọ́ọ̀kì kí ìdọ̀tí má baà ṣàn sórí rédíétọ̀, ẹ fọ inú ìkọ́, ẹ̀yìn eyín àti àwọn sípíríìngì, kí ẹ máa fi súkúrùdíráfà pa á dé, kí ẹ sì máa fa kébù ṣí i, títí ìdọ̀tí àtijọ́ yóò fi jáde tán. Ẹ fọ ìkọ́ ààbò náà bákan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé rẹ̀, òun ló sì máa ń dógùn-ún jù nítorí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ fi gíríìsì sí i. WD-40 wúlò láti tú ohun tó há sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò gíríìsì: lílé omi kúrò lára irin ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, ohun tó bá sì fi sílẹ̀ lára irin kò nípọn tó láti pẹ́. Gíríìsì funfun tó ní lithium dára jù lọ. Díẹ̀ ló yẹ kí ẹ fi sí i, ní ojú ibi tí irin ti ń ha irin. Èyí tó bá pọ̀ jù yóò kàn kó eruku Kétu jọ ni. Ẹ má fi òróró ẹ́ńjìnì tó ti dúdú sí i, epo pupa náà kò sì ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, bí àwọn àgbà awakọ̀ kan tilẹ̀ ń ṣe é.

Títò ni ó kàn, bí ìdánwò súkúrùdíráfà bá ti fi hàn pé lọ́ọ̀kì yè ṣùgbọ́n irin kò bọ́ sí ẹnu rẹ̀ dáadáa. Kí ẹ tó tú bóòtù kankan, ẹ fi ẹfun tàbí bírò alámì fa ìlà yí ìdí lọ́ọ̀kì ká. Ìlà yìí ni yóò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ẹ ti kúrò. Sípánà 10 ló ń bá bóòtù rẹ̀ mu nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, 12 nínú àwọn kan. Ẹ dẹ bóòtù náà díẹ̀, kí lọ́ọ̀kì lè máa yọ́ rìn ṣùgbọ́n kí ó má jábọ́. Ihò tí bóòtù wọ̀ máa ń gùn díẹ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn. Ẹ rọra sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ títí irin yóò fi kan ẹnu lọ́ọ̀kì, kí ó lè fúnra rẹ̀ fa lọ́ọ̀kì sí àárín, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó dè. Ẹ gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè padà, kí ẹ sì fún bóòtù. Bí bọ́nẹ́ẹ̀tì bá dè ṣùgbọ́n tí ó ń mì nígbà tí ẹ bá fi ọwọ́ gbé etí rẹ̀, lọ́ọ̀kì ga jù; ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àfi kí ẹ gbá a kí ó tó dè, ó ti rẹlẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yí àwọn rọ́bà igun títí bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò fi dọ́gba pẹ̀lú mọ́dìgáàdì lọ́tùn-ún lósì.

Bóòtù kéékèèké ni wọ̀nyí. Agbára tó bí 10 Nm ti tó fún èyí tó ń gba sípánà 10, ìyẹn ni pé ọwọ́ kan, láìfi gbogbo ara tì í. Ẹni tó bá fún un jù yóò ba ihò tí bóòtù ń yí wọ̀ nínú irin ìdábùú jẹ́, ó sì di ọ̀dọ̀ alájòópọ̀ irin.

Pípààrọ̀ lọ́ọ̀kì

Bí eyín bá ti jẹ, bí sípíríìngì bá ti já tí ẹ kò rí irú rẹ̀, tàbí tí ara lọ́ọ̀kì ti tẹ̀ nínú ìjàm̀bá, ẹ má ṣe fi iná jó o pọ̀, ẹ má sì fi òòlù na ìkọ́ tó ti wọ́. Ẹ ra òmíràn. Lọ́ọ̀kì àlòkù tó ti ara ọkọ̀ irú tiyín wá lè dára, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ ó wò.

Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, kí ẹ má sì fi fọ́tò nìkan lọ. Orúkọ ọkọ̀ kan náà lè wà lára ọkọ̀ ọdún púpọ̀, kí wọ́n sì ti yí iwájú rẹ̀ padà láàárín kan. Ẹ gbé méjèèjì léra: ihò bóòtù gbọ́dọ̀ bára mu, apá tí kébù ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, bí tiyín bá sì ní ojú ibi tí wáyà àlámù ń wọ̀, ó yẹ kí tuntun náà ní in. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ súkúrùdíráfà jáde níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ pa ìkọ́ dé, kí ẹ tì í ṣí, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Èyí tí kò bá ké “ká” dáadáa lórí tábìlì kò ní ké nínú ọkọ̀. Bí ọlọ́jà bá ní gíríìsì ni yóò tún un ṣe, ẹ ní kí ó fi gíríìsì náà sí i báyìí kí ẹ rí i.

Ẹ ya fọ́tò lọ́ọ̀kì àtijọ́ kí ẹ tó tú u, pàápàá bí kébù ṣe rìn lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa ìlà yí i ká, ẹ tú bóòtù, ẹ gbé lọ́ọ̀kì jáde, kí ẹ yọ wáyà iná bí ó bá wà. Ìgbà yẹn ni ẹ ó ráyè yí i láti yọ àpò kébù kúrò nínú ìdì rẹ̀, kí ẹ tó yọ kókó orí wáyà kúrò nínú ihò tó wà. Ẹ má fi pìláyà fà á jáde pẹ̀lú agbára. Kókó náà máa ń yọ́ jáde bí wáyà bá dẹ̀. Kí ẹ tó gbé tuntun wọlé, ẹ wo irin ìdábùú: bí ìdógùn-ún bá wà níbi tí lọ́ọ̀kì ń jókòó sí, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kí ẹ fi ọ̀dà kùn ún, kí ó gbẹ. Ẹ wá fi kébù sí i, ẹ fi bóòtù sí i láìfún, ẹ gbé e bá ìlà tí ẹ fà, kí ẹ sì tò ó gẹ́gẹ́ bí a ti sọ lókè.

Kébù

Irú kébù yìí, tó jẹ́ wáyà tó ń rìn nínú àpò líle, ni Ernest Bowden gba ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1896, irú rẹ̀ gan-an ló sì wà lára kọ́lọ́ọ̀ṣì àti bíréèkì alùpùpù àwọn zemidjan (ọlọ́kadà) wa. Àǹfààní tó wà níbẹ̀ ni pé, bí ẹ kò bá rí kébù ọkọ̀ yín, ẹni tó ń tún alùpùpù ṣe lè bá yín wá wáyà tó nípọn tó, àti kókó kékeré tó ní súkúrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń di orí wáyà. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí a lè lò fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, n kò gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ: kókó alásúkúrù máa ń dẹ̀, nígbà tó bá sì dẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò wà ní pípadé, ẹ ó sì tún padà sí abẹ́ ọkọ̀.

Kí ẹ tó fa kébù àtijọ́ jáde, ẹ so okùn tínrín tó gùn mọ́ orí rẹ̀ tó wà lápá ẹ́ńjìnì. Ẹ wá fà á jáde láti inú ọkọ̀, okùn yóò sì tẹ̀ lé e gba gbogbo ibi tó gbà, títí kan ihò irin tó ya ẹ́ńjìnì sọ́tọ̀ kúrò lára wa. Ẹ tú kébù àtijọ́, ẹ so tuntun mọ́ okùn náà, kí ẹ sì fà á padà láti iwájú. Ẹni tí kò bá so okùn lè fi ìdajì ọjọ́ wá ihò náà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ dá rọ́bà ihò náà padà sí àyè rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi òjò àti èéfín yóò máa wọ inú ọkọ̀, etí irin yóò sì máa gé kébù. Kébù kò gbọdọ̀ kọjá nítòsí páìpù èéfín tàbí bẹ́líìtì ẹ́ńjìnì, kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ní igun líle, nítorí ibi tó bá tẹ̀ ni wáyà yóò ti há.

Nígbà tí ẹ bá so ó tán, wáyà gbọ́dọ̀ dẹ̀ díẹ̀, bíi mílímítà méjì tàbí mẹ́ta, kí ọwọ́ inú ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa eyín. Bí ó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ, eyín kò ní wọlé tán, bọ́nẹ́ẹ̀tì yóò sì dà bí èyí tó dè títí ọkọ̀ yóò fi bọ́ sínú kòtò kan.

Iṣẹ́ tí kì í ṣe ti ilé

Bí irin ìdábùú bá ti tẹ̀ nítorí ìjàm̀bá, bí ìdógùn-ún bá ti jẹ ẹ́ lu, tàbí bí àgbékọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn bá ti wọ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tólíyè, ìyẹn àwọn tó ń tún ara ọkọ̀ ṣe, nítorí títò lọ́ọ̀kì lórí irin tó wọ́ kò ní pẹ́. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan sì wà tí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn máa ń fò sókè fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn, kí orí ẹni náà má baà kan ẹ́ńjìnì; nínú ọ̀pọ̀ wọn, ohun abúgbàù kékeré ló ń gbé e, bíi ti báàgì afẹ́fẹ́. Ẹ má tú ohunkóhun lára irú wọn nílé.

Ìdánwò ìkẹyìn

Ẹ má tíì pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ẹ kọ́kọ́ fi súkúrùdíráfà pa ìkọ́ dé, kí ẹ ní kí ẹnìkan fa ọwọ́ inú ọkọ̀, kí ẹ sì rí i pẹ̀lú ojú yín pé ó ṣí, pé eyín sì padà sí àyè rẹ̀. Ẹ ṣe é títí yóò fi dá yín lójú. Ẹni tó bá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé lórí lọ́ọ̀kì tuntun tí kò tíì dán kébù rẹ̀ wò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ẹ́ńjìnì mọ́lé.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ títí yóò fi ku bíi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ bọ́. Ó yẹ kí ìwúwo rẹ̀ tó láti mú un dè. Ẹ gbé etí rẹ̀ láti àárín, láti ọ̀tún, láti òsì. Kò gbọdọ̀ gbéra. Ẹ fa ọwọ́ inú ọkọ̀: kí ó ta sókè díẹ̀, kí ó sì dúró sọ́wọ́ ìkọ́ ààbò. Ẹ gbìyànjú láti gbé e sókè láìti ìkọ́ ààbò náà. Bí ó bá ṣí, ìkọ́ náà kò ṣiṣẹ́, iṣẹ́ kò sì tíì parí, ẹ padà sídìí búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì. Bí ó bá dúró, ẹ pa á dé, ẹ wa ọkọ̀ náà ní ọ̀nà àdúgbò tí kòtò wà, láìsáré, kí ẹ dúró wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn àkọ́kọ́, bí àpẹẹrẹ láti Àjàṣẹ́ gba Sakété àti Pọ̀bẹ́ lọ sí Kétu, ẹ fi sípánà dán bóòtù wọ̀nyẹn wò bóyá wọn kò dẹ̀, kí ẹ sì máa fọ lọ́ọ̀kì, kí ẹ fi gíríìsì tuntun sí i, nígbàkígbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀.